ÒṢÙWỌ̀N ỌKÀN ARÁ ÌLÚ

Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ṣì wà ní ipò ọlá rẹ̀, ọ̀nà kan wà tí a fi ń jẹ́ kí Aláàfin mọ̀, láìsí iyèméjì, pé ọkàn àwọn ènìyàn rẹ̀ ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Basọ̀run ni yóò ṣíwájú àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, a ó sì gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ lọ sí ààfin. Àrokò náà kò ní ìtumọ̀ méjì. Ọba tí a bá gbé e fún kò ní ohun mìíràn í ṣe ju kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Àwọn baba wa kì í ṣe òmùgọ̀ tí wọ́n fi dá irú àṣà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìjọba tí ará ìlú kò fọkàn tán dàbí ilé tí ikán ti jẹ òpó rẹ̀ tán, tí ó ku kí atẹ́gùn fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: òṣùwọ̀n náà ní àbùkù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń fọhùn, nígbà tí ó bá sì fọhùn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kì í sọ fún ọba ní ọdún kẹta pé ọkàn àwọn ọlọ́jà ti ń yẹ̀, tàbí ní ọdún kárùn-ún pé àwọn àgbẹ̀ ti ń kùn. Ẹnu àwọn ìjòyè nìkan ni a sì ti ń gbọ́ ọ. Ẹni tí ó bá rántí Basọ̀run Gáà, tí ó fi orúkọ ìlú pa ọba lé ọba kí Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774, yóò mọ̀ pé ohun tí ó wà ní ọkàn ìjòyè kì í ṣe ohun tí ó wà ní ọkàn alágbẹ̀dẹ àti aláró ní gbogbo ìgbà.

A mú ìtàn yìí wá nítorí pé òṣùwọ̀n mìíràn ti wà láàrin wa láti ọdún 1999, tí púpọ̀ nínú àwọn olóyè àti àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú wa kò tíì kà sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nípa tiwa ni ó ń sọ̀rọ̀. Afrobarometer ni orúkọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ó ń ṣe é, olú ilé-iṣẹ́ wọn sì wà ní Accra ní ilẹ̀ Gánà. Orílẹ̀-èdè 12 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní àìpẹ́ yìí wọ́n ti dé 39. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan sí ara wọn, wọn a rán àwọn ọ̀dọ́ tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ náà jáde sí ìlú àti abúlé, láti bi àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 18 ní ìbéèrè lójúkojú, ní èdè tí ẹni tí a ń bi bá fẹ́. Ǹjẹ́ ẹ fẹ́ ìjọba tí ará ìlú fúnra wọn yàn ju irú ìjọba mìíràn gbogbo lọ? Ǹjẹ́ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yín tẹ́ yín lọ́rùn? Báwo ni ẹ ti fọkàn tán Ààrẹ tó, àti àwọn aṣòfin, àti ilé ẹjọ́, àti ọlọ́pàá, àti àwọn ọba?

Ní Nàìjíríà, ènìyàn 1,600 ni wọ́n bi ní ọdún 2022. A mọ̀ pé olóyè kan yóò bú sẹ́rìn-ín níhìn-ín. Àwa tí a ju igba mílíọ̀nù lọ, ta ni 1,600 jẹ́ nínú wa?

Àwọn tí ó ti ta kòkó rí nínú àwọn òǹkàwé wa kò ní bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹni tí ìjọba rán láti yẹ kòkó wò bá dé ibi tí a kó àpò jọ sí, kò gé gbogbo kòkó tí ó wà níbẹ̀. Horo bíi ọ̀ọ́dúnrún ni yóò là sí méjì, inú wọn ni yóò sì ti mọ èyí tí ó bu, èyí tí kò gbó, àti èyí tí kòkòrò ti jẹ. Ṣùgbọ́n kì í bù ú láti orí àpò. Ó mọ ọgbọ́n wa: kòkó dáradára ni a ń tẹ́ sí òkè. Nítorí náà ni ó ṣe ń ti irin rẹ̀ bọ àárín àpò àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé àpò tí ó wu òun ni ó ń yàn, kì í ṣe èyí tí oníkòkó bá sún sí i.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iṣẹ́ àwọn abiniléèrè wọ̀nyí. Wọn kì í lọ bá ẹni tí olórí àdúgbò bá tọ́ka sí. Ìwé ìkànìyàn ni wọ́n fi ń mọ bí èrò ti pọ̀ tó níbi kọ̀ọ̀kan, wọn a sì yan àdúgbò bí ẹni ṣẹ́ kèké, lọ́nà tí ibi tí èrò pọ̀ sí yóò fi ní ìpín tí ó pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀, wọn a máa ka ilé, wọn a fo iye kan kọjá kí wọ́n tó wọ òmíràn. Nínú ilé tí wọ́n bá sì wọ̀, kèké ni a ó tún ṣẹ́ láàrin àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Bí ọkùnrin ni a bá bi ní ilé kan, obìnrin ni a ó bi ní ilé kejì. Baálé kò lè wí pé, “Èmi ni olórí, èmi ni kí ẹ bi.” Ìyàwó rẹ̀ kékeré ni kèké lè mú, tàbí àbúrò rẹ̀ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. (A gbọ́ pé èyí a máa bí àwọn baálé mìíràn nínú.) Bí a bá yan ènìyàn 1,200 báyìí, ohun tí wọ́n wí kì í sábà yẹ̀ ju 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, síwájú tàbí sẹ́yìn, sí ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè ìbá wí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ń mú òtítọ́ wá, kí ó wo Amẹ́ríkà ní ọdún 1936. Ìwé ìròyìn kan tí a ń pè ní Literary Digest fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ènìyàn bíi mílíọ̀nù 10 nípa ẹni tí wọn yóò dìbò fún. Ó ju mílíọ̀nù 2 lọ tí ó dá èsì padà, ìwé ìròyìn náà sì kéde pé Landon ni yóò borí. Roosevelt ni ó borí, ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé orúkọ àwọn tí ó ní tẹlifóònù àti ọkọ̀ ni wọ́n ti mú púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n bi, nígbà tí ìyà ń jẹ àwọn tálákà ilẹ̀ náà gidigidi. Kòkó orí àpò ni wọ́n gé. Gallup, tí iye ènìyàn tí ó bi kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ni ó sọ ẹni tí yóò wọlé.

Kí ni wọ́n wá rí ní ilẹ̀ wa? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, nígbà tí kò tíì pé ọdún kan tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1999, 84 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ni ó wí pé bí ìjọba àwa-ara-wa ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ní ọdún 2005, 25 ni ó kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Láàrin ọdún márùn-ún péré, ìtẹ́lọ́rùn àwọn ènìyàn wa lọ sílẹ̀ láti 84 dé 25. Bí ó bá jẹ́ pé owó kòkó ni ó já wálẹ̀ báyìí, kò sí gbọ̀ngàn ìlú kan tí a kì bá tí pèpàdé.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn sí ìbéèrè kejì ni a fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù. Ní 2000, 81 nínú ọgọ́rùn-ún wí pé ìjọba àwa-ara-wa sàn ju irú ìjọba mìíràn gbogbo lọ. Ní 2005, wọ́n jẹ́ 65. Ó lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wó. Ní ọdún 2022, àwọn tí ó ṣì wí bẹ́ẹ̀ jẹ́ 70, ní ọdún kan náà tí 77 wí pé bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, tí ó sì jẹ́ pé 23 péré ni ó wí pé àwọn fọkàn tán INEC, àjọ tí ń ṣètò ìdìbò.

Ẹni tí ó bá ka 77 nìkan yóò wí pé àwọn ènìyàn ti kọ ìjọba olóṣèlú, kí a pe ológun padà. A ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn àgbàlagbà tí ó yẹ kí wọ́n rántí. Ohun tí àwọn ènìyàn wí kọ́ nìyẹn. Ẹni tí ó ra gàrí tí ó sì bá iyanrìn nínú rẹ̀, ẹni tí ó tà á fún un ni ó ń bú. Kò bú gàrí. Àwọn 70 tí ó fẹ́ ìjọba àwa-ara-wa àti àwọn 77 tí inú wọn kò dùn sí i, ènìyàn kan náà ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé a kò tíì fún wọn.

Àmọ́ bí iyanrìn bá wà nínú gàrí náà láti ọdún dé ọdún, tí ìran kan dàgbà tí kò jẹ irú rẹ̀ mìíràn rí, ńkọ́? Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá nìyí. Nínú ìwé tí Afrobarometer gbé jáde ní 2024 lórí orílẹ̀-èdè 39, 66 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yan ìjọba àwa-ara-wa, 37 nìkan ni bí ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́ lọ́rùn, 53 sì gbà pé bí àwọn tí a fi ìbò yàn bá ṣi agbára lò, ó tọ́ kí ológun gba ìjọba lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, nínú ìwé kan náà, 66 wí pé àwọn kò fẹ́ kí ológun máa ṣe ìjọba. Ẹ má ṣe wí pé àwọn ènìyàn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò lé olè kúrò nínú ilé, wọn kò sì fẹ́ kí ẹni náà jókòó sí ìyẹ̀wù. Àwa mọ̀ bí èyí ti máa ń parí. Ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1983, nígbà tí àwọn ọmọ ogun gba ìjọba, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó yọ̀ ní ìgboro. Ó ju ọdún 15 lọ kí wọ́n tó lọ, láàrin rẹ̀ ni a sì ti fagi lé ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993 tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá jẹ. Ní Màlì, ní Gínì, ní Burkina Faso, ní Niger tí ó bá wa pààlà, àwọn ológun gbàjọba láàrin ọdún 2020 sí 2023, ìlù àti ijó sì ni àwọn kan fi pàdé wọn.

Ní ti àwa níhìn-ín, ẹsẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa fi ń dáhùn. Ní ìbò Ààrẹ ọdún 2003, bíi 69 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ni a kà pé ó dìbò. Ní 2023, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ju mílíọ̀nù 93 lọ. Àwọn tí ó jáde kò pé mílíọ̀nù 26.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó kan ẹgbẹ́ wa jù nínú gbogbo èyí. Ìbéèrè tí a fi ń wọn ọkàn ènìyàn, inú ọ̀rọ̀ ni a ń gbé e kalẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn, àṣà àwọn abiniléèrè wọ̀nyí ni pé kí a kọ́kọ́ pe orúkọ Òyìnbó náà, dẹmọkírésì, bí kò bá sì yé ẹni tí a ń bi ni a ó tó túmọ̀ rẹ̀. Túmọ̀ rẹ̀ sí kí ni? Àwọn kan ń wí pé ìjọba àwa-ara-wa, àwọn mìíràn ìjọba tiwa-n-tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ọjà Bódìjà tàbí ọjà Ọjà-Ọba ní Àkúrẹ́, ohun tí ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn ni ìjọba alágbádá. Àwa-ara-wa ń sọ ẹni tí ó ni ìjọba. Alágbádá ń sọ aṣọ tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó jókòó sí i. Ẹ bi ìyá kan bóyá ó fẹ́ ìjọba àwa-ara-wa, yóò wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ ìjọba alágbádá, yóò pòṣé. Ìdáhùn méjèèjì yóò sì jẹ́ òtítọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìjọba fúnra rẹ̀. Ìjọba ni a pe Òyìnbó, ìjọba ni a pe ológun, ìjọba ni a ń pe ẹni tí ń gba owó ìta lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní ọjà àárọ̀. Ará oko tí a bi bóyá ó fọkàn tán ìjọba, ta ni ó wà lójú rẹ̀ ní wákàtí náà? Kí a sì wo ìfọkàntán. Àwọn kan a túmọ̀ rẹ̀ sí ìgbàgbọ́, àwọn kan sí ìgbẹ́kẹ̀lé. Ènìyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí kò fẹ́ràn, nítorí pé kò ní ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fọkàn tán ni ẹni tí a lè fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́, kí a sì sùn. Bí a bá fi ìgbẹ́kẹ̀lé bi Ìjẹ̀ṣà, tí a sì fi ìfọkàntán bi Ẹ̀gbá, a kò bi wọ́n ní ohun kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan ṣoṣo ni a ó kọ sínú ìwé.

Ìbéèrè kan wà ní ìkẹyìn ìwé wọn tí ó dùn mọ́ wa. Wọn a bi ẹni náà pé, ta ni ó rò pé ó rán àwọn wá? Ọ̀pọ̀ ni ó ń dáhùn pé ìjọba ni, lẹ́yìn tí a ti sọ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe ìjọba, kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé, pàápàá ní àwọn ilẹ̀ tí ìjọba ti le, ẹni tí ó rò pé ìjọba ni ó rán abiniléèrè a máa yin ìjọba ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Kò yà wá lẹ́nu. Àwọn baba wa fi ojú rí i pé bí a bá ti ka orí wọn lónìí, owó-orí ni yóò tẹ̀ lé e lọ́la. Ẹni tí ó dé láti ibi tí a kò mọ̀, tí ó mú ìwé lọ́wọ́, tí ó ń béèrè bóyá o fọkàn tán aláṣẹ, ọ̀rọ̀ tútù ni a ń fi dá a lóhùn.

Níhìn-ín a ní láti bá àwọn ọlọ́lá tí ń ka ìwé yìí sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn. Nínú èsì tí ó ti jáde káàkiri Áfíríkà, a sábà ń rí i pé àwọn ènìyàn wí pé àwọn fọkàn tán ọba àti olóyè ju àwọn tí a fi ìbò yàn lọ. Kí ẹ má ṣe tètè yọ̀. Apá kan nínú rẹ̀ lè jẹ́ ìfẹ́ àtọkànwá, apá kan sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tútù tí a wí. Ní Abẹ́òkúta, ó pẹ́ tí àwọn obìnrin ọjà ti ń ráhùn nítorí owó-orí tí a ń gbà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n tó jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní 1947 lẹ́yìn Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì. Ní 1948 Aláké Adémọ́lá Kejì kúrò ní ìlú, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1949 ó fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó sì di 1950 kí ó tó padà. Bí ẹnì kan bá ti ṣẹ́ kèké láti ilé dé ilé ní Abẹ́òkúta ní 1945, tí ó bi àwọn ìyá wọ̀nyí ní ìbéèrè, tí ó sì ka ìdáhùn wọn sí etí Aláké àti àwọn Ògbóni, a gbà pé ọ̀ràn náà ì bá má dé ibi tí ó dé. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969 pẹ̀lú, kò sí ohun tí wọ́n fi ìbọn wí tí wọn kò ti kọ́kọ́ fi ẹnu wí.

Nítorí náà a kò bá àwọn tí ó wí pé kíka ọkàn ènìyàn jẹ́ iṣẹ́ àjèjì lohùn. Ohun tí ó jẹ́ ti àjèjì nínú rẹ̀ ni ọ̀nà tí èsì rẹ̀ ń gbà. Ẹnu ìyá kan ní Ìlá tàbí ní Ìṣẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ ti jáde, ní èdè Yorùbá. A kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Òyìnbó, a sì ń kà á ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ní ọ́fíìsì àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè. Ọba ìlú rẹ̀ kò gbọ́ ọ. Alága ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ kò kà á. Ìyá náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ogunlọ́gọ̀ wí bí òun ti wí.

A ń fẹ́ kí àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ka èsì wọ̀nyí ní èdè Yorùbá ní ìpàdé ìlú nígbà tí wọ́n bá jáde, iye àti gbogbo, láìfi ti àwọn olóyè pamọ́ sẹ́yìn ti àwọn olóṣèlú. A sì ń bẹ àwọn baálẹ̀ pé nígbà tí abiniléèrè bá dé, kí wọ́n má ṣe dúró tì í, kí wọ́n má sì ṣe rán ẹnikẹ́ni láti dúró tì í.

Ní ti èdè, a fẹ́ gbọ́ láti ẹnu ẹ̀yin òǹkàwé wa kí a tó kọ ìwé sí àwọn tí ọ̀ràn kàn. Kí ni àwọn ará abúlé yín ń pe ìjọba tí a fi ìbò yàn nígbà tí ọ̀mọ̀wé kò sí nítòsí? Ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń lò fún ẹni tí wọ́n lè fi ohun ìní wọn sílẹ̀ fún, àti fún ẹni tí wọ́n kàn ń fara dà? Kí ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti gbọ́ ọ, pẹ̀lú orúkọ ìlú, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí olóòtú kí ìwé oṣù tí ń bọ̀ tó jáde.